Yíya Àwòrán Ọ̀nà Àdììtú

Nínú gbogbo eré ọwọ́ tí ọmọ ilé-ìwé lè fi bébà kan àti pẹ́ńsù kan ṣe, díẹ̀ ni ó ń kọ́ni lọ́gbọ́n tó yíya àwòrán ọ̀nà àdììtú. Irú àwòrán yìí kún fún ọ̀nà tóóró tí wọ́n lọ́ mọ́ ara wọn. Ẹnu ọ̀nà kan wà fún wíwọlé, òmíràn wà fún jíjáde. Láàárín méjèèjì, ọ̀nà pọ̀ bí ọ̀nà oko, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ni ó já. Àwọn yòókù a lọ títí, wọn a sì dí. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ṣùgbọ́n nínú àwòrán yìí, ọ̀nà kan péré ni ó wọ̀ ọ́. Àwọn ará òkèèrè tilẹ̀ fi igi ọgbà gbin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kí ènìyàn lè máa rìn nínú rẹ̀. Èyí tí ó wà ní Hampton Court ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ti wá ọ̀nà jáde nínú àwòrán tí ẹlòmíràn yà sínú ìwé. Èyí dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń wá ọ̀nà àti ẹni tí ó ya ọ̀nà kò dọ́gba. Ẹni tí ó ń wá ọ̀nà lè máa rìn lọ. Bí ó bá ṣìnà, yóò padà sẹ́yìn. Ẹni tí yóò yà á gbọ́dọ̀ mọ òpin kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Yóò kọ́kọ́ fi pẹ́ńsù fa ọ̀nà tòótọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn náà ni yóò ya ọ̀nà ẹ̀tàn kúrò lára rẹ̀, òmíràn gígùn, òmíràn kúkúrú, kí ó tó fi bírò tẹ ògiri wọn. Ní oríta kọ̀ọ̀kan, yóò bi ara rẹ̀ pé, "Níbo ni ẹni tí ó bá dé ìhín yóò yà sí?" Ọmọ tí ó bá ń bi ara rẹ̀ báyìí ti ń kọ́ bí a ti ń fi ojú ẹlòmíràn wo nǹkan.

Ìṣirò wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, bí kò tilẹ̀ sí nọ́ńbà kankan níbẹ̀. Bí gbogbo ògiri inú àwòrán bá so mọ́ ògiri ìta, ẹni tí ó bá gbé ọwọ́ ọ̀tún lé ògiri láti ẹnu ọ̀nà, tí kò sì gbé e kúrò, yóò jáde dandan, bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó. Ẹni tí ó bá fẹ́ ba ọgbọ́n yìí jẹ́ lè fi ibi tí wọ́n ń wá sí àárín, kí ó sì fi ògiri tí kò so mọ́ ti ìta yí i ká. Nígbà náà, ọwọ́ ọ̀tún yóò kàn dá ènìyàn padà sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n àṣìṣe ni láti rò pé ẹni tí ó bá dá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lágara ni ó mọ̀ ọ́n yà jù. Ẹni tí ó bá pa àlọ́ pé ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan kan ilẹ̀, ó sì kan ọ̀run, ti ní òjò lọ́kàn kí ó tó la ẹnu. Ẹni tí ó bá pa àlọ́ tí kò ní ìtumọ̀, irọ́ ni ó pa. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹni tí ó ya ọ̀nà tí kò níbi àbájáde: kò gbọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ, ó kàn rẹ́ ẹ jẹ ni.

Ohun mìíràn tí ó yẹ ni pé kí ọmọ má ṣe da àwòrán ẹlòmíràn kọ. Àwọn obìnrin aládìrẹ ti fi àpẹẹrẹ lélẹ̀. Ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ gbágùúdá ni wọ́n fi ń ya ọnà sára aṣọ funfun kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, wọ́n ya òpó gbọ̀ngàn Mápó, ilé tí wọ́n ṣí ní 1929. Ohun tí ojú wọn rí ní ìlú ni wọ́n sọ di ọnà. Ọmọ Mọ́níyà náà lè fi ibùdókọ̀ ojú irin tí wọ́n ṣí ní 2021 ṣe ẹnu ọ̀nà, kí ó fi ọjà ṣe ibi àbájáde, kí ó sì fi àwọn ọ̀nà oko tí wọ́n ń parí sí ìdí ebè ṣe ọ̀nà ẹ̀tàn. Bí kò bá rí bébà, igi àti iyanrìn tó.

Àwọn òbí kan yóò wí pé fífi àkókò ṣòfò ni. Òótọ́ ni pé ọmọ tí ó ń ya àwòrán nígbà tí olùkọ́ ń kọ́ni, tàbí tí ó jẹ́ kí ìkòkò omi ilé gbẹ, ti ṣi eré lò. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn iṣẹ́, kí òbí má ṣe yára fa bébà ọmọ ya. Kí ó gba bírò, kí òun náà wá ọ̀nà jáde. Bí ojú ọ̀nà bá rú u lójú, kí ó bi ọmọ rẹ̀. Abéèrè kì í ṣìnà.