Ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ inú ìtàn lórúkọ

Àwọn àgbà ló ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọmọ tí ìyá bí ni wọ́n pa òwe náà fún, ṣùgbọ́n ó bá ọmọ tí òǹkọ̀wé fi gègé bí mu pẹ̀lú. Ohun tó mú mi ronú kan ọ̀rọ̀ yìí ni ìtàn àròsọ kan tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé tọ̀ mí wá, pé kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò.

Àdúgbò Zogbeli, ní ìlú Tamale, lápá àríwá ilẹ̀ Gánà, ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Ìyá oníṣòwò kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ló ń gbé ibẹ̀ títí di ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1969, tí ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbélùú kó ẹrù rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbòho, Ìgbẹ́tì àti Ṣakí ti ń tajà lápá ibẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí àṣẹ náà tó dé. Ọ̀pọ̀ wọn ló fi ilé, ọjà àti owó tí wọ́n jẹ wọ́n sílẹ̀ sá wálé.

Mo ń ka ìwé náà, omi ń lé ròrò lójú mi, àfi bí mo ṣe dé ibi tí aládùúgbò ìyá yìí, ọmọ Dagomba, ti yọjú. Orúkọ wo ni òǹkọ̀wé wa fún un? Kofi! Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Ama. Àwọn ìbejì wọn ńkọ́? Panyin àti Kakra. Ojú ẹsẹ̀ ni omijé mi gbẹ.

Kí ló burú níbẹ̀? Àwọn Akan ni wọ́n ń sọ ọmọkùnrin tí wọ́n bí lọ́jọ́ Ẹtì ní Kofi, tí wọ́n ń sọ ọmọbìnrin ọjọ́ Àbámẹ́ta ní Ama. Lóòótọ́, ará gúúsù tó wá ṣiṣẹ́ ní Tamale lè jẹ́ Kofi. Ṣùgbọ́n Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú àwọn Dagomba. Alhassan àti Fuseini ni wọ́n sábà máa ń pe ìbejì ọkùnrin. Ọmọbìnrin tí wọ́n bí ní Àlàrùba lè jẹ́ Lariba, ti Àlàmísì a jẹ́ Lamisi. Àwọn mìíràn a máa fi èdè Dagbani sọ èrò ọkàn wọn: Wumpini ni ẹ̀bùn Ọlọ́run, Suhuyini ni ọkàn kan. Olóògbé Ama Ata Aidoo, tí í ṣe Fante, mọ èyí dájú. Nígbà tó kọ ìtàn kúkúrú kan nípa àwọn ará àríwá sínú ìwé rẹ̀, No Sweetness Here, tó jáde ní 1970, Asana, Hawa àti Issa ló pe àwọn èèyàn inú rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní, "Bàbá, ìtàn àròsọ ṣá ni. Ṣebí Fágúnwà náà sọ ẹnì kan ní Olóhùn-iyọ̀."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n Fágúnwà wo ilé kó tó sọ ọ́. Nínú ìwé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti ọdún 1938, igbó ìyanu ni ilé ọ̀hún, níbi tí orúkọ ti ń ròyìn ìwà: Olóhùn-iyọ̀ ń kọrin, Ìmọ́dòye ní òye. Nígbà tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé Àjà Ló Lẹrù jáde ní 1969 kan náà, ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀daràn ìgboro ló ń sọ, Lápàdé ló sì pe akọni rẹ̀, orúkọ tí èèyàn lè gbọ́ lójú títì. Igbó lọ́tọ̀, ìgboro lọ́tọ̀.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó dùn mí jù. Busia ní àjèjì ni wá. Ìtàn ọmọ yìí fẹ́ fi hàn pé irọ́ ni, pé àwọn èèyàn wa ti di ará ibẹ̀, wọ́n jọ jẹ, wọ́n jọ mu. Bí ìyá náà bá wá gbé Zogbeli fún ogún ọdún, tí kò mọ orúkọ ẹni tí ògiri ilé wọn kanra, ǹjẹ́ a kò ti fi ẹnu ara wa jẹ́rìí fún Busia?

Ọmọ náà kò fèsì. Ó gbé ìwé rẹ̀, ó lọ. Lẹ́yìn oṣù méjì, ó padà wá. Fuseini ló bá ìyá náà gbé ẹrù dé ìdí ọkọ̀ báyìí, Lariba ló sunkún tẹ̀ lé e. Ọmọ tí ìyá náà bí sójú ọ̀nà, tó ti kọ́kọ́ pè ní Ọláṣubọ̀mí, ti di Abíọ́nà. N kò tún un ṣe mọ́. Ẹkún ni mo tún sun.