Ẹ Yẹ Rọ́bà Pròpẹ́là Jíìpù Yín Wò Kó Tó Já

Bí ẹ bá ki jíìpù yín sí gíà, tí ẹ fẹ́ gbéra, tí nǹkan dún "gbà!" lábẹ́ ìjókòó, ẹ má yí rédíò sókè. Bí ẹ bá ń sáré bọ̀ lójú ọ̀nà Ẹdẹ, tí ilẹ̀ ọkọ̀ ń gbọ̀n títí dé àtẹ́lẹsẹ̀ yín, tí fọ́kánáísà sì ti yẹ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò tí kò rí nǹkan kan, ẹ má padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Abẹ́ ọkọ̀ ló kù.

Irin gígùn tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sẹ́yìn ni à ń pè ní pròpẹ́là. Nínú Land Rover Discovery àkọ́kọ́ àti ìkejì, rọ́bà roboto kan tó nípọn wà níbi tí pròpẹ́là ẹ̀yìn ti pàdé dífírẹ́ńṣà. Ihò mẹ́fà ló ní: bóòtì mẹ́ta dè é mọ́ pròpẹ́là, mẹ́ta dè é mọ́ dífírẹ́ńṣà, ọ̀kan tìhín, ọ̀kan tọ̀hún, yíká. Òṣùká ni, tó wà láàárín ẹrù àti orí, tó ń gba ìnira kí orí má baà bó. Àwọn Mercedes àtijọ́ bíi 190 àti 200 ní irú rẹ̀, BMW náà ní i. Hilux àti Land Cruiser kò ní i ní tiwọn. Jọ́íǹtì onírin tó ń jẹ gíríìsì ni wọ́n ń lò.

Ní agbègbè wa, ní Èjìgbò ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, rọ́bà yìí ń jìyà. Èjìgbò sí Ẹdẹ kò ju nǹkan bíi kìlómítà 24 lọ, Ògbómọ̀ṣọ́ jẹ́ bíi 30, Ìwó bíi 35. Ìrìn wọ̀nyẹn kò le. Ọ̀nà oko tó yà kúrò lára wọn ló le, pàápàá nígbà òjò, tí àpò gbágùúdá àti kẹ́ẹ̀gì epo pupa kún ẹ̀yìn ọkọ̀, tí awakọ̀ wá tẹ iná mọ́ ọn lójijì kó lè jáde nínú ẹrẹ̀. Gbogbo jàgbà yẹn, rọ́bà ló gbà á. Àwọn ará wa tó ń wakọ̀ lọ Àbíjàn ńkọ́? Kùtọnu, Lomé, Accra, ẹnubodè lórí ẹnubodè. Ibi tí nǹkan bá ti já lọ́nà yẹn, èdè mẹkáníìkì ibẹ̀ lè má yé yín.

Ohun kan tún wà tí a kì í rò. Discovery àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1989, ìkejì jáde lọ́dún 1998, wọ́n sì dáwọ́ rẹ̀ dúró lọ́dún 2004. Èyí tó kéré jù nínú wọn ti lé lógún ọdún. Bí ẹ bá ra irú rẹ̀ ní tòkunbọ̀, ta ló mọ iye ọdún tí rọ́bà rẹ̀ ti lò? Rọ́bà ń gbó bí ọkọ̀ tilẹ̀ dúró sójú kan. Ọ́ìlì tó ń jò láti síìlì dífírẹ́ńṣà tún ń jẹ ẹ́, á wú, á rọ̀. Síìtì ẹ́ńjìnnì tó ti kú náà ń fà á ya. Ẹni tó pààrọ̀ rọ́bà tí kò pààrọ̀ síìlì tó ń jò, owó ló dà nù.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù nìyí, ọ̀pọ̀ onímọ́tò kò sì mọ̀ ọ́n. Bíréèkì ọwọ́ àwọn Discovery méjèèjì yìí kò sí lára táyà. Ẹ̀yìn gíábọ́ọ̀sì ló wà, pròpẹ́là ẹ̀yìn ló sì ń dì mú. Bí rọ́bà bá já, bíréèkì ọwọ́ kò ní nǹkan tí yóò dì mú mọ́. Kíki ọkọ̀ sí gíà pàápàá lè má dá a dúró lórí òkè. Irin tó já náà kò sì ní sinmi: á máa fì, á máa na páìpù àti gíábọ́ọ̀sì. (Jọ́íǹtì pròpẹ́là iwájú Discovery kejì, tí kò ní ihò gíríìsì, burú fún èyí: ó ti lu gíábọ́ọ̀sì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ já. Ẹ wo òun náà.) Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó lè wo táyà àti ìwé yín, wọn kò ní rá pálá wọ abẹ́ ọkọ̀ bá yín.

Ẹ gúnlẹ̀ síbi tó tẹ́jú, ẹ fi òkúta dí táyà níwájú àti lẹ́yìn, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì. Bí rọ́bà bá ti sán lẹ́bàá bóòtì, tàbí tí okùn inú rẹ̀ ti yọjú, ó ti tó pààrọ̀. Ẹ ra tuntun. Rọ́bà tòkunbọ̀ kò mọ́gbọ́n wá, nítorí ọjọ́ orí ló pa èyí tí ẹ fẹ́ yọ. Bí ẹnì kan bá dábàá kó gé táyà àtijọ́ kó lu ihò sí i, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín.

Ẹ dúró ti mẹkáníìkì. Kó má fi jáàkì nìkan gbé ọkọ̀. Kó fi irin tì í lábẹ́. Kó kun ọ̀dà díẹ̀ sára pròpẹ́là àti ibi tó dè mọ́, kó lè dá a padà bó ṣe wà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọkọ̀ á tún máa gbọ̀n. Kó di orí bóòtì mú, nọ́ọ̀tì ni kó yí, kí rọ́bà má baà lọ́. Bí bẹ́líìtì irin bá fún rọ́bà tuntun náà yíká, ó di ìgbà tó bá dè é tán kó tó gé e. Bí àmì ọfà bá wà lára rẹ̀, kó tẹ̀ lé e. Nọ́ọ̀tì tuntun tí kì í tú fúnra rẹ̀ ni kó lò, kó sì fi sípánà tó ń wọn agbára mú un le. Ẹni tí kò bá ní sípánà yẹn lè yá a.

Bó bá já mọ́ yín lọ́wọ́ lójú ọ̀nà Ìwó lálẹ́, ẹ tẹ bíréèkì ẹsẹ̀, ẹ má gbé ẹsẹ̀ kúrò níbẹ̀ títí ẹlòmíràn yóò fi sọ̀ kalẹ̀ lọ fi òkúta dí táyà. Bí ẹ bá yọ pròpẹ́là ẹ̀yìn kúrò, tí ọkọ̀ yín sì ní ọ̀pá lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíà tó ń so agbára iwájú àti ẹ̀yìn pọ̀, ẹ lè fà á, kí táyà iwájú gbé yín dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì tó súnmọ́ jù, díẹ̀díẹ̀, láìkó ẹrù.