Ẹ Dá Irin Inú Sáìlẹ́ńsà Padà

Ní oṣù tó kọjá, mo lọ gba ohùn ìyá àgbà kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi. Ilé wọn kò jìnnà sí títì. Ìyá ń ki oríkì ìdílé ọkọ wọn, ó dùn débi pé mo gbàgbé pé iṣẹ́ ni mo wá ṣe. Bí wọ́n ṣe kan orúkọ baba-ńlá wọn ni ọ̀kadà kan já wọ àdúgbò, ariwo gba gbogbo ilé. Nígbà tí mo gbé ohùn náà sínú Praat lálẹ́, ìlà tó yẹ kó fi ìgòkè-sọ̀kalẹ̀ ohùn ìyá hàn ti dàrú. Ẹ́ńjìnnì ni kọ̀ǹpútà ń wọ̀n, kì í ṣe ìyá. Mo padà lọ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n tún un kì, àmọ́ kò rí bíi ti àkọ́kọ́ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀kadà tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa ní sílíńdà kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀kan ló sì ń tú èéfín jáde nínú ìyípo méjì. Bó bá yí ní ìgbà 6,000 ní ìṣẹ́jú kan, èéfín á bẹ́ jáde ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Irin onihò inú sáìlẹ́ńsà ló ń ṣẹ́ agbára rẹ̀ kù: á gba inú ihò kéékèèké kọjá kó tó jáde. Bí wọ́n bá yọ irin yẹn, páìpù lásán ló kù.

Ìró 50 yẹn kì í dá rìn. Ó ń kó 100, 150 àti 200 lẹ́yìn. Àárín iye wọ̀nyí gan-an ni ohùn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkùnrin àti obìnrin ti ń lọ sókè sódò bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀. Ohùn yìí kan náà la fi ń mọ igbá yàtọ̀ sí igba, ìgbà àti igbà.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi kọ́ ló ká mi lára jù. Lọ́sẹ̀ yẹn, ọlọ́kadà tó gbé mi bi mí lẹ́ẹ̀mẹta pé, "Ẹ ní ibo?" Ẹ́ńjìnnì ti kú nígbà yẹn o. Àjọ NIOSH ti Amẹ́ríkà ní kí òṣìṣẹ́ má ṣe gbọ́ ariwo tó ju desibẹ́ẹ̀lì 85 lọ fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́. Bí a bá fi 3 kún un, wákàtí yẹn di ìdajì. Àwa ń sọ̀ kalẹ̀ ní ẹnu géètì. Àwọn ọlọ́kadà ń jókòó lé e títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Wọ́n máa ń sọ pé ariwo ló ń jẹ́ kí onímọ́tò mọ̀ pé àwọn ń bọ̀. Ẹ̀yìn ni ẹnu páìpù kọjú sí. Họ́ọ̀nù la ṣe fún ti iwájú. Wọ́n tún ní ó ń jẹ́ kí ọ̀kadà fà. Kàbúrétọ̀ tí a tò fún sáìlẹ́ńsà odindi kì í dédé bá páìpù òfìfo mu.

Mi ò ní kí wọ́n lé ọlọ́kadà. Àwọn náà ló ń gbé wa dé kíláàsì. Ohun tí mo ń bẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka wa ni pé kí wọ́n lọ bá alága àwọn ọlọ́kadà ẹnu géètì sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ páìpù àràbọ̀ tí wọ́n ń fi nọ́ọ̀tì de irin inú rẹ̀, iṣẹ́ kékeré ni fún mẹkáníìkì láti dá a padà. Ẹni tó ti gé ti àtilẹ̀bá ní láti ra odindi, ìyẹn sì wọ́n. Ẹ jẹ́ ká fi owó díẹ̀ lé owó ọkọ̀ fún oṣù kan láti fi ràn wọ́n lọ́wọ́. Èmi á kọ́kọ́ dá tèmi.