Ẹ Má Ní Kó Kàn Jókòó: Eré Ìmárale Orí Fóònù fún Ẹni Tó Ní MS

Nọ́ọ̀sì yín náà ni. Ọ̀rọ̀ tòní kò jẹ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà tí a máa ń sọ. Ó jẹ mọ́ àìsàn kan tí púpọ̀ nínú wa kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, multiple sclerosis, tí wọ́n ń pè ní MS. Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tó bá ní in, ẹ jẹ́ kó máa ṣe eré ìmárale. Bí kò bá sì sí físíò nítòsí, kó ṣe é nínú kíláàsì orí fóònù.

Ẹ wo waya iná inú ilé. Rọ́bà ló bò ó tí iná kò fi ń jò dànù. Àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ lọ sí ojú, ọwọ́, ẹsẹ̀ àti àpò ìtọ̀ náà ní aṣọ tó bò wọ́n bẹ́ẹ̀. Nínú MS, àwọn ọmọ ogun ara tó yẹ kó máa bá kòkòrò àìsàn jà ló yíjú padà tí wọ́n ń bó aṣọ yìí. Iṣẹ́ tí ọpọlọ rán kò wá ní dé ibi tó ń lọ, tàbí kó pẹ́ kó tó dé. Ojú kan lè ṣú, kó sì máa dunni. Ẹsẹ̀ lè kú, òòyì lè máa kọ́ni, ìtọ̀ lè má ṣeé mú dúró. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ó lè lọ, kó tún gba ibòmíràn yọ lọ́jọ́ mìíràn. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará ilé fi máa ń sọ pé wọ́n ṣe é ni. Kò séni tó ṣe é. Kì í ràn. Láàárín ọmọ 20 ọdún sí 40 ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, obìnrin ló sì ń mú jù.

Àwọn kan á ní àìsàn òyìnbó ni. Lóòótọ́, ó pọ̀ lọ́dọ̀ wọn ju ọ̀dọ̀ wa lọ. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan tó jáde ní 2013 láti gúúsù California rí i pé ó ń mú àwọn obìnrin dúdú níbẹ̀ ju àwọn obìnrin funfun lọ. Montel Williams, ọkùnrin dúdú tó máa ń ṣe ètò lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, ti sọ láti 1999 pé òun ní in.

Kí n tètè fi èyí sí i: gbogbo ẹsẹ̀ tó ń kú kọ́ ni MS. Ìtọ̀ ṣúgà ń fà á, rọpárọsẹ̀ ń fà á, ọ̀pá ẹ̀yìn ń fà á. Dókítà ọpọlọ àti àyẹ̀wò MRI ló lè yà á sọ́tọ̀. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ tí mo kọ sórí WhatsApp sọ ara yín di alárùn.

Nínú gbogbo rẹ̀, àárẹ̀ ló ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé jù. Àárẹ̀ yìí yàtọ̀ sí ti ẹni tó toko dé, tó sùn, tó sì jí pẹ̀lú ara líle. Èèyàn á jí láàárọ̀ bíi pé ó ru sìmẹ́ǹtì mọ́jú. Kò ní egbò, kò wú, ojú kò rí i. Àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ á ní ọ̀lẹ ni. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ á ní, "Jókòó, má ṣe nǹkan kan, sinmi." Èkejì yìí ni mo wá bá jà lónìí, nítorí ìfẹ́ ló ń mú un wá, kò sì rọrùn láti bá ìfẹ́ jà. Ẹsẹ̀ tí a kò lò á gan, ẹran ara á yọ́, èémí á kúrú. Nígbà tó bá yá, a kò ní mọ èyí tí MS ṣe àti èyí tí ìjókòó ṣe.

Àwọn dókítà fúnra wọn ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ní 1890, Wilhelm Uhthoff, dókítà ojú kan ní Jámánì, ṣàkíyèsí pé ojú àwọn kan tó ní MS máa ń ṣú sí i bí wọ́n bá lo agbára. Ẹ̀rù wá ń ba àwọn tó tẹ̀ lé e láti gba aláìsàn láyè. Ooru ló ń fà á: bí ara bá gbóná díẹ̀, okùn tí aṣọ rẹ̀ ti bó kì í gbé iṣẹ́ dáadáa. Bí ara bá tutù, á padà sí bó ṣe wà. Ní 1996, àwọn oníwàdìí ní Utah, ní Amẹ́ríkà, pín èèyàn 54 tó ní MS sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan ṣe eré ìmárale fún ọ̀sẹ̀ 15, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, 40 ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Agbára ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn lé kún, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wọn dín kù, àìsàn náà kò sì tìtorí ẹ̀ burú sí i. Láti 2020, National MS Society ti Amẹ́ríkà ń dábàá 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, bí agbára oníkálukú bá ṣe tó.

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ orí fóònù? Ẹni tí àárẹ̀ jẹ́ àìsàn rẹ̀, tó wọ ọ̀kadà, tó wọ dánfó, tó tò sórí ìlà ní ọsibítù ńlá kó tó rí físíò, ó ti ná agbára ọjọ́ náà tán sójú ọ̀nà. Nínú ilé, ilé ìtọ̀ wà nítòsí. Kò sẹ́ni tó ń wò ó bó bá ta gọ́ọ́gọ́ọ́. Ó sì lè jẹ́ òun nìkan ló ní MS ní gbogbo àdúgbò. Nínú kíláàsì yẹn á rí ẹlòmíràn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n bíi tirẹ̀. Èyí kì í ṣe nǹkan kékeré.

Àwọn ẹgbẹ́ MS ní Britain ní fídíò tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí YouTube. Àwọn ọmọ yín tó wà ní London lè bá yín wá a. MS Trust tilẹ̀ bá Mr Motivator, ọmọ Jamaica tí àwọn ará Britain mọ̀ dáadáa, ṣe ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí n yàn, kíláàsì tí físíò tó mọ MS wà lórí Zoom ni màá mú, nítorí ó lè rí i bí èèyàn bá ń ṣe é gbòdì. Àwọn fídíò "ikùn á wọlé lọ́jọ́ méje" yẹn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń fò.

Ooru tiwa yàtọ̀ sí tiwọn o. Kó ṣe é ní kùtùkùtù, kí oòrùn tó mú, kó fi aṣọ tútù sọ́rùn, kí omi dídì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. A kò lè fọkàn tán NẸ́PÀ, nítorí náà kó ti gba fídíò sílẹ̀ lóru. Kí ẹnì kan wà nítòsí. Lọ́jọ́ tí ibà bá mú un, kó má ṣe é rárá. Bí àmì tuntun kan bá yọ tó sì kọjá wákàtí 24, ọ̀dọ̀ dókítà ló kàn. Oògùn tí wọ́n kọ fún un kò gbọ́dọ̀ dúró nítorí eré ìmárale. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó láti fi bẹ̀rẹ̀: kó dìde lórí àga, kó tún jókòó, kó di ògiri mú, kó gbé gìgísẹ̀ sókè, kó fi ike omi kékeré méjì ṣe ohun gbígbé. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́ tí kò lè gbéra, ó ti pọ̀ jù, kó dín in kù.

Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù. Mo mọ bó ṣe máa ń rí lójú yín. Ìyàwó kò lè gún iyán, kò lè gbá àgbàlá, àmọ́ ó ń gbẹ́sẹ̀ sókè gbẹ́sẹ̀ sílẹ̀ níwájú fóònù. Ẹ ní ó ń ṣeré. Ẹ wá pè é láàárín kíláàsì kó wá wo ọbẹ̀. Ìyá mi, eré tẹ́ ẹ rí yẹn ló máa jẹ́ kó lè gbé ọmọ rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ bá a wo ọbẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ̀yin ọkọ, owó détà kò tó owó aṣọ ẹbí kan. Ilé tó ti ná owó káàkiri láti wá ẹni tó ṣe é lè ra détà ọdún kan.

Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ kí n wá fi eré orí àga hàn wọ́n, kí ààrẹ wọn fi ohùn ránṣẹ́ sí mi. Ọjọ́bọ̀ ló rọ̀ mí lọ́rùn jù. Ẹ bá mi wá àga onígi tó dúró dáadáa o. Àga rọ́bà ìnáwó yẹn máa ń yọ̀ lórí táìlì.