Omi kànga yìí ló ń sọ mọ́tò yín dàgbà

Ẹ̀yin onímọ́tò Àkúrẹ́ àti Oǹdó, ọ̀rọ̀ yín rèé o. Omi ẹ̀rọ ò kárí wa, kànga àti bọ́ọ̀hò ni ọ̀pọ̀ ń fà. Omi náà lẹ fi ń fọ mọ́tò, tẹ́ ẹ ń gbé e sínú oòrùn kó gbẹ. Kó tó pẹ́, àmì róbótó funfun ti bo bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ẹ má bú ọmọ tó fọ̀ ọ́. Inú ilẹ̀ àti àpáta lomi ti ń kó calcium àti magnesium. Bí oòrùn bá fa omi lọ, àwọn yẹn kì í bá a lọ. Omi tọ́ṣẹ kì í tètè hó nínú ẹ̀, òun gan-an ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún.

Abẹ́ ibòòji ni kẹ́ ẹ ti máa fọ mọ́tò, kẹ́ ẹ sì tètè fi aṣọ rírọ̀ nù ún. Bẹ́ ẹ bá gbe omi òjò sílẹ̀, òun ni kẹ́ ẹ fi ṣàn án kẹ́yìn.

Bó bá ti mú un ńkọ́? Ẹ po fíníkà kọ́ọ̀bù kan mọ́ omi kọ́ọ̀bù kan, ẹ fi aṣọ rin ín, ẹ gbé e lé ojú àmì náà fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ má jẹ́ kó gbẹ síbẹ̀. Ẹ ṣàn án dáadáa, kẹ́ ẹ wá fi wax pa á. Ẹ má fi irin ìfọkòkò ha á o!

Bó bá pẹ́ lára ọ̀dà, yóò jẹ wọnú, ó di tọwọ́ pẹ́ńtà. Tòkunbọ̀ tẹ́ ẹ fowó àjọ rà, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ tà á, ojú ara ẹ̀ lẹni tó fẹ́ rà á máa kọ́kọ́ wò kó tó dá owó lé e.