Oògùn Ti Gbówó Lórí: Kí Ni Ọ̀nà Àbáyọ?

Àwọn àgbà a máa wí pé oògùn tí a kò fi owó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé. Òótọ́ ni òwe náà, ṣùgbọ́n ní òde òní, owó oògùn ti ga tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé aláìsàn gan-an ni ó ń gbé ẹ̀yìn ààrò. Ní Sábó ní ìlú Ṣàgámù, níbi tí àwọn oníṣòwò ti ń di gòrò ránṣẹ́ sí Òkè Ọya, dókítà kò jìnnà sí ènìyàn, nítorí pé ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Olabisi Onabanjo wà nínú ìlú náà. Ìwé oògùn tí dókítà kọ ni ó ń di ẹrù wúwo lọ́wọ́ aláàárù, ìyá aláta àti òṣìṣẹ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì.

Ìdí ọ̀rọ̀ náà kò fara sin. Òkè òkun ni ọ̀pọ̀ oògùn tí a ń lò ti ń wá. Èyí tí a ń ṣe nílé pàápàá, ọ̀dọ̀ àwọn ará Íńdíà àti Ṣáínà ni a ti ń ra èròjà rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Ní oṣù kẹfà, wọ́n fi náírà sílẹ̀ fún ọjà, iye rẹ̀ sì já wálẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ilé-iṣẹ́ GlaxoSmithKline kéde pé òun ń dá òwò òun dúró ní Nàìjíríà. Láti ìgbà náà ni owó Augmentin, àti ti Ventolin tí ń la èémí fún ẹni tí àyà rẹ̀ há, ti fi ju ìlọ́po méjì lọ.

Ohun tí ó ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni ó burú jù. Ẹlẹ́jẹ̀ ríru ń lo oògùn ní ọjọ́ kan, ó ń fo ọjọ́ méjì, títí àrùn rọpárọsẹ̀ yóò fi dé. Ẹni tí wọ́n ní kí ó lo oògùn apakòkòrò fún ọjọ́ méje ń ra ti ọjọ́ méjì, kòkòrò tí kò kú sì ń di alágídí. Àwọn mìíràn ń ra oògùn lọ́wọ́ àwọn tí ń kiri rẹ̀ nínú oòrùn ní ibùdókọ̀, bẹ́ẹ̀ òfin ilẹ̀ yìí lòdì sí i. Kí a má gbàgbé pé ní ọdún 1990, oògùn olómi paracetamol tí a fi èròjà olóró pò pa ọmọ tí ó ju 100 lọ ní Ìbàdàn àti Jọ́ọ̀sì.

Ọ̀nà tí ó tọ́ wà. Oògùn kan náà a máa ní orúkọ méjì: orúkọ oògùn gan-an, àti orúkọ tí ilé-iṣẹ́ fi ń tà á. Glucophage tí alátọ̀gbẹ ń lò, metformin ni. Norvasc tí ẹlẹ́jẹ̀ ríru ń lò, amlodipine ni. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ń ṣe oògùn wọ̀nyí ní iye tí ó dínkù, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n sì ń ṣe, bí NAFDAC bá ti fọwọ́ sí wọn. Kò sí ìtìjú nínú kí aláìsàn wí pé, "Ẹ jọ̀wọ́, dókítà, agbára mi kò ká èyí, ǹjẹ́ ẹ lè kọ èyí tí ó rọjú fún mi?" Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fúnra rẹ̀ pààrọ̀ oògùn láìbi dókítà tàbí apòògùn. Kí a sì mọ̀ pé ọ̀fẹ́ ni oògùn ikọ́ jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n aláìsàn nìkan kò tó. Ní ọdún 1987, àwọn mínísítà ìlera ilẹ̀ Áfíríkà fẹnu kò ní Bàmákò, ní orílẹ̀-èdè Málì, pé kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní owó ìpìlẹ̀ láti fi ra oògùn pọ̀, kí wọ́n tà á ní iye tí kò le, kí owó tí wọ́n bá pa sì padà lọ ra òmíràn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tí ó jẹ́ mínísítà nígbà náà, mú ètò náà wọ Nàìjíríà. Níbi púpọ̀ ni owó náà ti gbẹ, nítorí pé náírà ń já wálẹ̀, àti pé kì í ṣe gbogbo owó tí wọ́n pa ni ó padà sínú àpò. Ètò náà kò burú. Ìṣọ́ àti òtítọ́ ni ó ṣaláìní.

Àwọn ìjọ mọ́sálásí lè gbé irú ètò yìí dìde, kí apòògùn tí ó ní ìwé àṣẹ máa bójú tó o, kí wọ́n sì máa ka ìṣirò owó rẹ̀ sí etí ìjọ. Aláìní àti onígbèsè wà lára àwọn mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí. Ẹni tí ó yá owó ra oògùn, ó ń jẹ́ méjèèjì. Ẹni tí ó lè pa màlúù fún àpèjẹ ọjọ́ kan, kí ó rántí pé owó màlúù náà lè ra oògùn fún ọ̀pọ̀ aláìsàn. Yorùbá àti Hausa ni wọ́n jọ ń gbé Sábó. Ẹ̀jẹ̀ ríru kò sì mọ ẹ̀yà.

Ìjọba náà ní ti wọn láti ṣe. Òfin ọdún 2022 sọ ètò adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ènìyàn, síbẹ̀ ohun tí ó ju 70 lọ nínú 100 náírà tí a ń ná sórí ìlera ní ilẹ̀ yìí, láti inú àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ ni ó ti ń jáde. Òfin tí kò dé ilé ìwòsàn àdúgbò kò tíì wo ẹnikẹ́ni sàn. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn ní ìwòsàn, kí Ó sì fi àánú sí ọkàn àwọn tí agbára wà lọ́wọ́ wọn. Àmín.