Eruku Nìkan Kọ́ Ló Wà Nínú Afẹ́fẹ́ Ìlú

Ẹ fi aṣọ dì mí lójú, kí ẹ gbé mi sínú Micra láti Mọ́kọ́lá, màá sọ ibi tí a dé fún yín. Èéfín mọ́tò nìyẹn. Ẹnì kan ń fín ọ̀dà sára mọ́tò nìyẹn. Ìyá alámàlà ti dá iná igi nìyẹn. Kì í ṣe idán o. Kẹ́míkà inú afẹ́fẹ́ ni imú ń gbọ́, ibi kọ̀ọ̀kan ló sì ní àdàlù tirẹ̀.

Kẹ́mísírì ni mò ń kọ́, mo sì ń ṣe másításì lọ́wọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n mú méjì péré: benzene àti toluene. Méjèèjì wà nínú pẹtiróòlù. Níbi tí mọ́tò pọ̀ sí, toluene sábà máa ń ju benzene lọ. Níbi tí wọ́n ti ń fín ọ̀dà, toluene á tún lọ sókè gan-an, torí ó máa ń wà nínú tínà tí wọ́n fi ń po ọ̀dà. Ṣùgbọ́n nínú èéfín igi, benzene ló sábà máa ń pọ̀ jù. Tí ẹ bá ti mọ iye tí ọ̀kan fi ju èkejì lọ, ẹ ó ti máa fura sí ibi tí afẹ́fẹ́ náà ti wá.

Ohun tó ń bí mi nínú rèé. Tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ wọn afẹ́fẹ́ ìlú wa, ẹ̀rọ kékeré tó ń ka eruku ni wọ́n sábà máa ń gbé kọ́ ògiri. Ó wúlò, mi ò bá a jà. Àmọ́ tí ọyẹ́ bá dé, eruku aṣálẹ̀ Sàhárà ló máa kún ojú rẹ̀. Benzene tó ń jáde lára jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìn fèrèsé kì í ṣe eruku, ẹ̀rọ náà ò rí i rárá. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, benzene máa ń fa jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì sọ pé kò sí ìwọ̀n rẹ̀ kankan tí a lè ní kò léwu. Ẹ má gbójú lé imú náà o: kí imú tó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó ti pọ̀ ju ohun tó yẹ kéèyàn máa fà símú lójoojúmọ́ lọ.

Wọ́n á ní gas chromatograph tó ń ya àwọn kẹ́míkà yìí sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ wọ́n. Òótọ́ ni, iná tí kì í ṣẹ́jú ló sì fẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pá kékeré tí a rọ èédú tó ń fa kẹ́míkà mọ́ra sí nínú ò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé e kọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ẹ dé e pa, kí ẹ gbé e lọ síbi ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí gbogbo yunifásítì agbègbè yìí jọ ń lò.

Ẹ̀yìn ilé wa ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ mẹ́rin ló wà níbẹ̀, fèrèsé yàrá ọmọ jòjòló kan ló sì kọjú sí wọn.